Agbọ̀n fún Agbọ̀n

Ọjọ́rú ni mo hú ẹ̀gẹ́ mi, mo sì mọ̀ nígbà tí àwọn alágbàṣe ń bá mi hú u pé kò sí ẹnì kan tó ṣèlérí pé òun máa bá mi bó o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ ẹlòmíràn. Ọgbọ́n ni mo fẹ́ fi gbé wọn. Mo rò ó pé bí ẹ̀gẹ́ bá ti wà ní òkìtì lẹ́yìn ilé mi, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń rí i, ojú á ti àwọn obìnrin àáró wa, wọn á gbé ọ̀bẹ wá. Nítorí ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu. Iṣu á dúró dè ọ́ nínú àká. Ẹ̀gẹ́ tí a hú lónìí, bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí a kò bó o, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilà dúdú bí iṣan ẹsẹ̀ arúgbó. Bí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, ewúrẹ́ ló ni ín. Gbogbo oko ọdún kan ni mo hú sílẹ̀ báyìí, nítorí ọgbọ́n àrékérekè. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí o.

Àáró wa rọrùn ún ṣàlàyé. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá ní àdúgbò wa ní Kàbà. Bí ó bá kan Juliet, gbogbo wa á gbé ọ̀bẹ lọ sílé Juliet, a ó jókòó yí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ká, a ó bó o, a ó fi ọkọ wa ṣe yẹ̀yẹ́, a ó jẹ ẹ̀wà tó bá sè, a ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di ti ẹlòmíràn. Òfin kan ṣoṣo ló dè wá pọ̀: agbọ̀n fún agbọ̀n. Iye tí o bá bó fún mi ni màá bó fún ọ. Bí ọwọ́ rẹ kò bá lè bó agbọ̀n mẹ́rin ní ìjókòó kan, má wulẹ̀ jókòó.

Èmi ni mo ṣe òfin náà, ọdún kẹtàlélógún rèé. Èmi ni olórí àáró nígbà náà. Mo lè bó agbọ̀n mẹ́fà kí oòrùn tó dé àtàrí, ìdí ńlá lórí àpótí kékeré, ẹnu kò sì dákẹ́. Ìdí ṣì wà. Ẹnu ṣì wà. Ọwọ́ ni kò sí mọ́. Làkúrègbé ti wọnú ìka mi, ó ká wọn kò bí ẹsẹ̀ adìẹ tó ti kú. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, agbọ̀n kan ààbọ̀ ni mò ń bó nílé onílé, mo sì ń fi ẹ̀fẹ̀ dí èyí tó kù. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ náà ń wọnú agbọ̀n ni.

Kò wọ̀ ọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Juliet wá. Òun ni olórí àáró báyìí, ìyàwó Dáramọ́lá, tíṣà ni, kì í sọ̀rọ̀ láìnu ẹnu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Okun o, Ìyé," bí a ṣe ń kí ìyá nílẹ̀ wa, èmi náà kí i ní okun. Ó wo òkìtì ẹ̀gẹ́, ó wò mí, ó tún wo òkìtì. Mo rí i pé ó mọ ohun tí mo ṣe. Ó sọ fún mi pé àwọn ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, pé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò sí ilé kan tí mo ti bó agbọ̀n mẹ́rin, pé àwọn kò ní í lè wá.

Mo ní ṣé ẹ̀gẹ́ mi á wá bàjẹ́ ni.

"Ìyé, ẹ má bínú sí mi," ó ní. "Òfin yín ni mò ń tẹ̀ lé."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí ọmọ bá gbé pàṣán tí o fọwọ́ ara rẹ gbẹ́ nà ọ́, o ò lè sọ pé pàṣán náà kò dára.

Ọjọ́ yẹn, mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Mo bó ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, mo dìde, mo yí òkìtì po, mo padà jókòó, mo bó méjì. Mo fọ́ ọ̀kan wò bóyá ó ti ń dúdú. Mo fọ́ òmíràn. Ṣèyífúnmi ní, "Ìyé, bí ẹ bá ń fọ́ ọ báyìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bà á jẹ́ kó tó bàjẹ́." Ọmọ Ọlọ́runlékè, ọmọ mi, ni Ṣèyífúnmi. Yunifásítì ló wà. Àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀, ló bá wálé. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni bí ó ṣe yẹ kí èèyàn máa bára wọn gbé nínú ìlú láìrẹ́ ara wọn jẹ. Mo máa ń bi í pé ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń gba ọdún mẹ́rin kọ́. Ó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá bó o tán, èèpo ló máa ń pọ̀ ju ẹ̀gẹ́ lọ.

Ibi tí a ti ń bó o ni mo ti bi í pé nínú gbogbo ìwé tó kà, ta ló jàre, èmi tàbí Juliet?

Ó ní àwọn òyìnbó ti ń ja ìjà náà tipẹ́, wọn kò sì tíì parí rẹ̀. Àwọn kan ní ohun tó bá mú inú èèyàn púpọ̀ jù lọ dùn ló tọ́. Mo ní a jẹ́ pé mo ti gbé nìyẹn, nítorí bí obìnrin mẹ́jọ bá jókòó sílé wọn, inú mẹ́jọ á dùn, inú arúgbó kan á bàjẹ́. Ó ní àwọn mìíràn ní òmìnira ni baba gbogbo rẹ̀: ọwọ́ Priscilla, ti Priscilla ni, ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá mú un ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, àfi bí ó bá wù ú. Mo ní òyìnbó yẹn, àna Priscilla ni. Priscilla ni ọwọ́ rẹ̀ yá jù nínú wa, ó sì mọ̀. Ó ní àwọn kan tún wà tó jẹ́ ìdọ́gba ni wọ́n ń pariwo, kí kálukú mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá, kó sì gba ohun tó tó àìní rẹ̀. Èyí fẹ́ wọ̀ mí létí, àfi ìgbà tí mo rántí ìyá ọkọ Juliet. Bí a bá ní kí ìyẹn jẹ ohun tó tó o, gbogbo Kàbà á gbààwẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," Ṣèyífúnmi ní. "Òun ni mo fẹ́ràn."

Ó ní kí àwọn tó fẹ́ ṣòfin kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò tíì mọ ẹni tí òun máa jẹ́. Kò mọ̀ bóyá òun máa jẹ́ alágbára tàbí aláìsàn, ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tàbí arúgbó. Òfin tí wọ́n bá fẹnu kò sí nínú òkùnkùn yẹn, òun lòfin tó tọ́.

Mo ní ṣé bí ìgbà tí a ṣì wà lọ́run, tí kálukú lọ yan orí láìmọ èyí tó fọ́? Ó ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n òfin ni tiwọn ń yàn, kì í ṣe orí. Mo ní ìyẹn sàn, nítorí níbi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń yan orí, ìdí ni èmi gbé.

Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, agbọ̀n méjì péré ni àwa méjèèjì bó. Òkìtì kò tilẹ̀ mọ̀ pé a fọwọ́ kan òun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, gbogbo obìnrin àáró máa ń gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Florence, ẹni tó ni ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Mo ní kí Ṣèyífúnmi kálọ. Mo ti pinnu pé a ó bá wọn ṣe eré òyìnbó yẹn, bóyá ọkàn wọn á rọ̀.

Florence rèé, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ó ti wà nínú àáró wa rí. Ní ọdún tí mo ṣòfin, ó bá wa bó ẹ̀gẹ́ yípo ilé mẹ́fà, títí kan tèmi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú ọ̀nà ìlú Ìyàrá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́. Nígbà tí ó kan án, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó rán ọmọ sí mi. Mo ránṣẹ́ padà pé kò bó tó, pé àáró kì í ṣe ìtọrẹ. Kò sẹ́ni tó lọ. Ẹ̀gẹ́ náà rà lẹ́yìn ilé rẹ̀, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá ń kọjá, màá fi ìborùn bo imú. Florence kò bá mi jà. Ó ń kí mi. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ fún un, gbogbo wa sì di oníbàárà rẹ̀.

A bá wọn lábẹ́ páànù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Ṣèyífúnmi kúnlẹ̀ kí wọn yípo, ó ṣàlàyé eré. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sínú bébà mẹ́sàn-án, ó ká wọn pọ̀. Ọ̀kan sọ pé abiyamọ ọlọ́mọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ́. Ọ̀kan sọ pé ọwọ́ rẹ ṣẹ́. Ọ̀kan sọ pé o darúgbó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kálukú mú ọ̀kan, kálukú dì í mọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Kí wọ́n fẹnu kò lórí òfin àáró, kí a tó ṣí bébà. Ohun tí o bá bá níbẹ̀ ni kí o rò pé o jẹ́ títí ọdún yóò fi yí po.

Ó dùn mọ́ wọn ju bí mo ṣe rò. Priscilla nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohunkóhun tó wù kó wà nínú bébà, òun mọ ọwọ́ ara òun, òun kò jí i gbé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní í fi tọ́jú ọ̀lẹ. Juliet ní òun kò sọ pé ọ̀lẹ, òun sọ pé bí ọwọ́ rẹ bá ṣẹ́ ńkọ́? Priscilla ní bí ó bá ṣẹ́, òun á jókòó sílé. Obìnrin kan ní ìgbà tí òun bí ìbejì, ṣé kí òun ti jókòó sílé ni? Ariwo bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ síbi tí mo fẹ́.

Ṣùgbọ́n èmi kò lè ní sùúrù. Bébà yẹn ń yún mi lọ́wọ́. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mo bọ́ sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, kí n má baà purọ́, mo sì ṣí i. Ó sọ pé: *Ìwọ lo lágbára jù nínú gbogbo wọn. O ń bó agbọ̀n mẹ́fà kí oòrùn tó dé àtàrí.*

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo dìde níbẹ̀ bí ẹni ogójì ọdún. Mo ki bébà bọ ìdí ìró, mo padà, mo jókòó, mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Priscilla. Mo ní ó jàre. Mo ní kí ló dé tí ẹni tó ń bó mẹ́fà á fi máa gbé ẹni tó ń bó kan pọ̀n? Mo ní bí a bá sọ àáró di ibi tí àwọn aláìlera ti ń sinmi, àwọn alágbára á kúrò, gbogbo rẹ̀ á sì tú. Mo ń lu itan. Mo ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ti pẹ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí Ṣèyífúnmi ń fi ojú bẹ̀ mí, n kò mọ ohun tó ń bẹ̀ mí fún. Mo ti gbàgbé ẹ̀gẹ́ mi. Mo ti gbàgbé ìka mi pátápátá.

Florence pa ẹ̀rọ. Kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀. Ó ní, "Ìyé Lékè, ẹ ti ṣí i."

Mo ní ṣí kí ni?

"Bébà yín. Ẹ ti ṣí i."

Mo búra. Mo fẹ́ fi Bíbélì búra, ṣùgbọ́n bébà ti yọ orí jáde nídìí ìró mi. Juliet fà á yọ, ó kà á sókè bí ìgbà tó ń ka orúkọ ní kíláàsì. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró wò wá. Èmi náà rín in, mo rín in títí omi fi jáde lójú mi. Arúgbó tó wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀gẹ́ rẹ̀, òun ló tún ń gba ẹjọ́ rò lòdì sí ara rẹ̀.

Florence kò rẹ́rìn-ín.

"Kò yà mí lẹ́nu," ó ní. "Ní ọjọ́ tí ẹ ṣòfin àkọ́kọ́ náà, ẹ ti ṣí tiyín kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kò pẹ́ mọ́. Wọ́n fẹnu kò pé ìjókòó fún ìjókòó ni yóò máa jẹ́. Bí o bá jókòó láti àárọ̀ títí ẹ̀gẹ́ fi tán, ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká, ó tó. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá lè gbé ọ wá, rán ẹlòmíràn. Priscilla ní òun kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ó sì lọ. Kò tíì padà di òní, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ bíbó rẹ̀ ṣì dára ju ti gbogbo wa lọ. Wọ́n ṣí bébà tó kù. Obìnrin tó bí ìbejì ló mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Mo ní, ó dáa, ẹ kálọ sílé mi.

Juliet ní rárá. Ó ní òfin tí a ṣe lónìí kì í padà lọ gun àná lẹ́yìn, pé bí àwọn bá bẹ̀rẹ̀ lórí tèmi, ìlú á ní nítorí tèmi ni àwọn fi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òfin á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ mi ti di ọjọ́ kẹta. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ní kí wọ́n má pa mí.

"Juliet jàre," Florence ní. "Òfin àtijọ́ la ṣì ń lò lónìí. Mo bó agbọ̀n mẹ́rin fún Ìyé Lékè kí ọwọ́ mi tó ṣẹ́. Ta ló bó o padà fún mi?"

Mo wo Ṣèyífúnmi, bóyá òyìnbó kan wà tó lè gbà mí. Ọmọ náà wo ilẹ̀.

Mo ní, "Kò sí ẹni tó bó o."

"Ẹ̀gẹ́ mi rèé," ó ní, ó sì tan ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo fa àpótí sún mọ́ òkìtì Florence, mo jókòó. Ṣèyífúnmi mú ọ̀bẹ kó lè ràn mí lọ́wọ́, Florence mi orí sí i láti ibi ẹ̀rọ pé rárá. Mo ní kó máa lọ sílé kó máa bó tiwa. Àwọn obìnrin lọ ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n sì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ń bó. Gbogbo ẹ̀gẹ́ tí mo bá bó fún un, tèmi ni mò ń rí, tí ó ń dúdú nílé. Ọwọ́ mi wú. Ìdí mi kú, mi ò mọ̀ pé ó lè kú. Mo gbìyànjú láti dá Florence lẹ́rìn-ín, kò gbọ́, ẹ̀rọ ń pariwo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo bó ẹ̀gẹ́ láìsí ẹnu, mo wá rí bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣárì, agbọ̀n kan ààbọ̀ ni. Florence pa ẹ̀rọ, ó wá dúró lókè orí mi, ó wo inú agbọ̀n. Ó mú ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó jù ú padà.

"Ó ku méjì ààbọ̀," ó ní.

Mo ní mo mọ̀. Mo ní ó di ọ̀la, bí Ọlọ́run bá jí mi.

Ó wọlé, ó mú ọ̀bẹ jáde, ó fi etí ìró nù ún. "Ẹ dìde," ó ní, "ká lọ wo tiyín kí ó tó bàjẹ́ tán."

Mo bi í pé èwo nínú àwọn òfin náà nìyí. Ó ní kí n má fi òfin yọ òun lẹ́nu. Mo gbìyànjú láti dìde, àpótí dìde pẹ̀lú mi, ó lẹ̀ mọ́ ìdí mi, mo sì padà jókòó gbì. Ìgbà yẹn ni Florence rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, ó gba ti imú jáde. Ó na ọwọ́ sí mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni, èyí tó ṣẹ́ rí, tí kò tò tán. Mo fi ìka mi tó ká kò dì í mú, ó sì fà mí sókè.